Má Dárúkọ Ìyálé Rẹ Nítorí Ẹja Inú Àmù

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tó sunkún títí tó fi sọ mí di olórin, àlàáfíà Ọlọ́run kí ó máa bá ọ gbé nínú ilé tí o bá ara rẹ. Kí ọkọ rẹ rí i gbà, kí ìyá ọkọ rẹ rí i gbà, kí ìyálé rẹ náà rí i gbà. Má fajú ro. Ìdí tí mo fi kí i yóò yé ọ kí o tó ka ìwé yìí tán.

Ìwé rẹ dé ọwọ́ mi lánàá lẹ́yìn ìrun Àsárì. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo rẹ́rìn-ín. Mo tún un kà, ẹ̀rù bà mí. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni bí o ṣe ń tọ́jú ẹja tí wọ́n fi lé ọ lọ́wọ́. Ohun tó dẹ́rù bà mí ni ọ̀rọ̀ tí o kọ sí ìsàlẹ̀, níbi tí o ti ní ìyálé rẹ ló ń pa ẹja náà, pé o fi ojú ara rẹ rí i tó ki ọwọ́ bọ àmù ní òwúrọ̀ kùtù, àti pé lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, nígbà tí gbogbo agbo ilé bá jókòó, wàá dárúkọ rẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ.

Mo bẹ̀ ọ́, má sọ ọ́. Ìyá olóbì tó mú ìwé rẹ wá yóò padà sí Lálúpọn lọ́dọ̀ yín lọ́la tí í ṣe Àlàrùba, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti tàdáwà ìkọ̀wé láti òwúrọ̀, tí iná fi kú lábẹ́ ọbẹ̀ mi. Nígbà tí bàbá mi ń kọ́ mi ní kéwú lórí wàláà, àwọn èèyàn bú wọn pé kí ni ọmọbìnrin fẹ́ fi ṣe. Bàbá mi dá wọn lóhùn pé bóyá lọ́jọ́ kan n óò ní ọ̀rọ̀ tí n kò ní lè rán ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ náà nìyí.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹja yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ilé aláró ni ilé ọkọ rẹ, bí tiwa náà ti rí ní Akínyẹlé níbí. Mo mọ àmù ńlá tó wà lẹ́nu ọ̀nà, tí gbogbo ilé fi ń ṣe àlùwàlá, àti ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń sìn sínú rẹ̀ kí ó lè máa jẹ tanwíjí, kí ẹ̀fọn má baà pọ̀ nílé. Ìyàwó tó wọlé kẹ́yìn ni wọ́n ń fi ẹja lé lọ́wọ́. Bí ẹja bá yè títí di àkọ́rọ̀ òjò, ìyá ọkọ á fún un ní ìkòkò aró tirẹ̀, á sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń po aró. Bí ẹja bá ń kú, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹsẹ̀ ìyàwó, wọ́n á ní ẹsẹ̀ tó gbé wọlé kò tutù. Tìrẹ ti kú lẹ́ẹ̀mẹta, òjò sì kù díẹ̀ kó rọ̀. Mo mọ bí ó ṣe ń ká ọ lára. Èèyàn tí nǹkan bá ká lára báyẹn máa ń wá ẹni tí yóò gbé e rù.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò sọ fún ọ rí.

Nígbà tí mo wọ ilé bàbá rẹ, èmi náà gba àmù. Ìyálé mi, aya àkọ́fẹ́ bàbá rẹ, jẹ́ obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn ni wọ́n gba ẹja ṣáájú mi, ẹja tiwọn kò sì kú rí. Èyí nìkan ti tó ẹ̀ṣẹ̀ lójú mi. Tèmi kú ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Mo lọ bu òmíràn lódò, wọ́n tún kú. Mi ò bi ìyálé mi ní nǹkan kan. Èmi ọmọ àfáà, èmi tí mo mọ ìwé, kí n wá kúnlẹ̀ bi ẹni tí kò mọ álífù nípa ẹja? Ìgbéraga ọmọdé ni, Àbẹ̀kẹ́, kò ní orúkọ mìíràn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí a ṣe kí ìrun Àsùbáà tán, mo jáde, mo bá wọn níbi tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu àmù, tí ọwọ́ wọn wà nínú omi. Mo lọgun. Gbogbo ilé sáré jáde. Mo ní, "Ẹ wò ó! Ẹ wá wo ẹni tó ń pa ẹja mi!"

Wọ́n gbé ojú sókè wò mí. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ẹ̀kọ tí o dà sí i lánàá ti kan nínú omi. Mo ń kó o kúrò ni. Omi kíkan ní í pa wọ́n."

Ẹ̀kọ náà wà ní àtẹ́lẹwọ́ wọn. Mo rí i. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

O mọ òwe tí àwọn èèyàn máa ń pa, pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ẹnìkan pa á lọ́jọ́ yẹn nínú agbo ilé, ojú gbogbo wọn sì yí sí ìyálé mi. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo wá gbà pé òwe máa ń ṣìnà bí èèyàn bá gbé e síbi tí kò yẹ. Kò sí ẹni tó na ìyálé mi, kò sí ẹni tó lé wọn. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ò jẹ oúnjẹ tí wọ́n bá sè mọ́, àwọn ìyá sì ń fa ọmọ wọn sẹ́yìn bí wọ́n bá ń kọjá. Kò pé oṣù méjì tí ìyálé mi fi di ẹrù wọn, wọ́n padà sí abúlé àwọn ẹ̀gbọ́n wọn lọ́nà Ọ̀nà-Ara. Wọ́n kí mi kí wọ́n tó lọ. Èmi ni n kò dáhùn dáadáa.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo lọ bu ẹja tuntun, mo sinmi. Àwọn ẹja náà kú ní ọjọ́ kẹta.

Ta ni mo tún fẹ́ dárúkọ? Ó ku èmi nìkan lẹ́nu àmù. Mo jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi mú, òǹgbẹ gbẹ mí, mo fi ahá, igbá kékeré tí mo fi máa ń pọn omi sí àmù, bu omi mímu nínú ìkòkò yàrá. Bí mo ṣe gbé e kan ẹnu ni ahọ́n mi ta mí, ètè mi sì ń yọ̀ bí ẹni tó fi ọṣẹ pa á. Omi èéru ni! Ahá tí mo máa ń gbé sí abẹ́ àjẹrẹ, ìkòkò oníhò, tí omi èéru tí a fi ń po aró máa ń kán sí, òun náà ni mo ń ṣàn, tí mo fi ń bu omi fún ẹja. Igbá kì í gbàgbé ohun tó bá mu. Mo lè fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹwàá, èéru ṣì wà nínú ara rẹ̀. Ọwọ́ mi ló ń pa ẹja láti ọjọ́ kìíní. Ìyálé mi ló ń bá mi gbà wọ́n sílẹ̀ láàárọ̀, láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kí ojú má baà tì mí.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nìyí, kí o ṣe é kí o tó kà síwájú. Lọ mú ahá tí o fi ń pọn omi àmù. Gbóòórùn rẹ̀, kí o sì fi ahọ́n kan etí rẹ̀. Ìwọ kò sọ irú ahá tó jẹ́ nínú ìwé rẹ, ṣùgbọ́n ilé aláró ni o wà, n kò sì lè fi ọkàn tán igbá kankan ní ilé aláró. Bí ó bá ta ọ́ lẹ́nu, fọ́ ọ. Ra ahá tuntun, rẹ ẹ́ sómi lọ́jọ́ mẹ́ta, so okùn pupa mọ́ ọn, kí o sì kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé ẹni tó bá fi bu nǹkan mìíràn, ìwọ pẹ̀lú rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọwọ́ rẹ. Ìyàwó tuntun ni ọ́: òrí wà lára rẹ, osùn wà lára rẹ, làálì wà ní èékánná. Wọ́n dára lójú ọkọ, wọn kò dára fún ẹja. Má ki ọwọ́ bọ omi wọn bí kò bá di dandan, bí ó bá sì di dandan, fi omi lásán wẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ọṣẹ.

Ó wá kan ti ọṣẹ, níbi tí mo ti rẹ́rìn-ín. O ní gbogbo Jímọ̀ ni o ń da omi àmù nù pátápátá, tí o ń fi ọṣẹ dúdú àti kàn-ìn-kàn-ìn fọ inú rẹ̀ títí yóò fi máa dán. Àwo ọbẹ̀ ni? Bí wọ́n bá wó ilé rẹ ní gbogbo Jímọ̀ kí wọ́n tún un kọ́, ìwọ náà ò ní pẹ́ láyé. Omi tó ti pẹ́ nínú àmù, tó ti bá ẹja mọra, òun ni ilé wọn. Nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́ lára ìkòkò, tí o fi gbogbo agbára ha kúrò, òun ló ń bá wọn tún omi ṣe. Fi í sílẹ̀. Mo mọ̀ pé o fẹ́ kí ìyá ọkọ rẹ rí i pé èmi tọ́ ọ ní mímọ́, mo sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n aláṣejù, pẹ́rẹ́ ní í tẹ́.

Báyìí ni kí o ṣe é. Àwọn tó ń ṣe àlùwàlá ń bá ọ bu omi kúrò lójoojúmọ́, iṣẹ́ ti wọn nìyẹn. Tìrẹ ni kí o má jẹ́ kí àmù lọ sílẹ̀ dé ìdajì kí o tó rọ́pò, kí ohun tí o bá rọ́pò lẹ́ẹ̀kan náà má sì ju ìdámẹ́rin lọ. Má pọn omi lódò kí o dà á sí i lójú ẹsẹ̀. Gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àmù láti àṣálẹ́ di òwúrọ̀, kí òtútù àwọn méjèèjì bára mu. Bí ìdọ̀tí bá wà nísàlẹ̀, rọra bu èyí tí ó wà nísàlẹ̀ yẹn nìkan. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Oúnjẹ ńkọ́? Àkàrà láàárọ̀, ẹ̀kọ lọ́sàn-án, èkuru lálẹ́. Ẹja ni o ń bọ́ ni àbí àna? Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo dé ibẹ̀, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ mi gan-an nìyẹn. Inú ẹja kò ju ojú rẹ̀ lọ. Tanwíjí inú omi ni oúnjẹ wọn, ìdí tí wọ́n sì ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn. Bí tanwíjí bá wọ́n, fi orí ìka méjì mú ẹ̀kọ díẹ̀, fọ́n ọn sí i lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, kí o dúró wò ó. Ohun tí wọn kò bá jẹ tán kí o tó ka Fátíà lẹ́ẹ̀mẹwàá, bù ú kúrò. Àlàmísì tí mo bá ń gbààwẹ̀, tèmi náà máa ń bá mi gbà á, kò sì sí èyí tó bá mi jiyàn nínú wọn.

O ní ogún ni o kó sínú àmù lẹ́ẹ̀kẹta yìí, kí ó lè jẹ́ pé bí àwọn kan bá kú, àwọn kan á kù. Ọmọ mi, wọ́n pa ara wọn ni. Mẹ́fà ti tó, kí mẹ́fà náà má sì wọlé lọ́jọ́ kan náà: méjì lákọ̀ọ́kọ́, ó di ọ̀sẹ̀ kejì kí méjì mìíràn tó wọlé. Igbá ni kí o fi bu wọ́n lódò, má fi ọwọ́ mú wọn, kí o sì bu wọ́n pẹ̀lú omi odò wọn. Bí o bá délé, gbé igbá náà lé ojú omi àmù, kí ó máa léfòó níbẹ̀ títí ìwọ yóò fi jẹ ẹ̀kọ méjì tán pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, kí o tó rọra tẹ̀ ẹ́. Yẹ̀ wọ́n wò dáadáa o! Bí ọmọ àrọ̀ bá wà nínú wọn, dá a padà sódò. Ó kéré báyìí, ṣùgbọ́n tó bá tó oṣù mẹ́ta, òun nìkan ni yóò kù.

N kò mọ èwo ni èyí jẹ́ nínú ìmọ̀ràn mi, mi ò kà á mọ́. Sún àmù kúrò lójú oòrùn ọ̀sán, sún un kúrò níbi tí èéfín àdìrò ti ń fẹ́. Fi agbọ̀n dé ẹnu rẹ̀, nítorí alángbá àti ológbò. Bí o bá rí i tí gbogbo ẹja gòkè, tí wọ́n ń yánu lójú omi, omi ló ti bàjẹ́, kì í ṣe èèyàn ló wo wọ́n. Bu ìdámẹ́rin kúrò, kí o sì máa da omi tó ti sùn sí i láti òkè díẹ̀díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè bá a wọlé. Bí o bá rí ẹyọ kan tó dá dúró, tí kò jẹun, tí nǹkan funfun wà lára rẹ̀ wínníwínní, mú un kúrò láàárín àwọn yòókù, gbé e sínú ìkòkò kékeré pẹ̀lú omi àmù, kí o sì fi iyọ̀ ṣínún sí i. Ó lè yè, ó lè kú. Bí ó bá kú, sin ín, má ṣe sọ ọ́ di ẹjọ́.

Lẹ́yìn tí mo mọ ohun tí mo ṣe, ẹja mi yè. Wọ́n yè títí wọ́n fi bímọ, tí àwọn ará ilé fi ń wá bù lára wọn. Àmù tí o máa ń na ìka sí nígbà tí o ń rá, tí o ń pe ẹja inú rẹ̀ ní àbúrò rẹ, òun náà ni. Ìyá bàbá rẹ fún mi ní ìkòkò aró ní ọdún kejì, aró inú rẹ̀ náà ló tọ́ ọ. Mo sọ èyí kí o lè mọ̀ pé èèyàn lè ṣàṣìṣe tó burú kí ọwọ́ rẹ̀ ṣì dára lẹ́yìn náà. Ẹsẹ̀ rẹ tutù, Àbẹ̀kẹ́. Ahá, ọṣẹ àti àkàrà ni kò dára, gbogbo wọn ló sì ní àtúnṣe kí òjò tó dé.

Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ kì í ṣeé kó. Ìdí tí mo fi kọ ìwé gígùn yìí nìyẹn, kì í ṣe tìtorí ẹja. Kàkà kí o dúró de Jímọ̀, lọ bá ìyálé rẹ lónìí. Kúnlẹ̀ fún un. Bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ rí nínú omi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn?" Kí o dákẹ́ kí o gbọ́ èsì. Ó lè jẹ́ pé èèyàn burúkú ni, n kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìwọ náà kò tíì mọ̀ ọ́n, nítorí o kò bi í rí. Abèèrè kì í ṣìnà.

O lè fẹ́ mọ̀ bóyá mo bẹ ìyálé mi. Mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n. Mo ní kí n jẹ́ kí iṣu tuntun jáde kí n má baà lọ lọ́wọ́ òfo. Iṣu jáde, oyún rẹ wà nínú mi, mo ní kí n bímọ tán. Mo bí ọ, mo ní kí o rìn ná. Ojú ló ń tì mí, mo sì ń pè é ní orúkọ mìíràn. Nígbà tí mo gbé ọ pọ̀n tí mo ru iṣu mẹ́wàá dé abúlé wọn, ẹ̀gbọ́n wọn ló sọ̀ ẹrù fún mi. Ó ní àwọn ti sin wọ́n láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ fún un. Kò bú mi. Ó ní, "Ìwọ ni ìyàwó náà? Gbogbo ẹni tó bá ti ọ̀nà Akínyẹlé wá ni àbúrò mi máa ń bi bóyá ẹja rẹ yè."

Ìyálé tìrẹ wà nílé. Ká ìwé yìí kò, kí o dìde.

Èmi ìyá rẹ ni, ní Akínyẹlé, tí mo ń retí ìròyìn ayọ̀ láti ẹnu ìyá olóbì.